Ta Ló Pe Orin ABBA ní Orin Yẹpẹrẹ?

Àwọn kan gbà pé orin tí gbogbo ayé bá ń jó sí kò lè ní láárí. Ẹni tí wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni ABBA, àwọn olórin mẹ́rin láti ilẹ̀ Sweden: Agnetha Fältskog, Björn Ulvaeus, Benny Andersson àti Anni-Frid Lyngstad. Wọ́n ní aṣọ tó ń dán àti ọgbọ́n àtipa owó ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀sùn náà ti pẹ́. Ní ọdún 1974, ABBA fi “Waterloo” gba ipò kìíní nínú ìdíje Eurovision ní ìlú Brighton. Nígbà tí ìdíje náà dé Stockholm ní ọdún 1975, àwọn olórin kan ní Sweden kóra jọ, wọ́n ṣe àjọ̀dún tiwọn láti fi ta kò ó. Wọ́n ní owó ti sọ orin di ọjà. Irọ́ pátápátá kọ́: òwò wà nínú iṣẹ́ ABBA, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọrin kí ọjà wọn lè tà. Ṣùgbọ́n bí a bá ta iṣu lọ́jà, ṣé ìyẹn ní kí iṣu má dùn ni?

Ẹ wo ọdún 1980. Ọdún yẹn ni Björn àti Agnetha kọ ara wọn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Björn kọ ọ̀rọ̀ orin “The Winner Takes It All”, orin nípa ìfẹ́ tó forí ṣánpọ́n, Agnetha fúnra rẹ̀ ló sì gbé e sẹ́nu. Ta ni yóò gbọ́ ọ tí yóò pè é ní eré ọmọdé?

Àwọn mìíràn ní ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ló tú wọn ká. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Benny àti Anni-Frid kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1981, síbẹ̀ àwo “The Visitors” jáde lọ́dún kan náà. Ìparí 1982 ni wọ́n tó dáwọ́ dúró, láìṣe ayẹyẹ ìdágbére kankan. Wọn kò gbé odindi àwo tuntun jáde mọ́ títí di 2021.

Ṣùgbọ́n orin wọn kò sùn. “ABBA Gold” jáde ní 1992, eré orí ìtàgé “Mamma Mia!” bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1999, ó di fíìmù ní 2008. Ìpolówó lè ta àwo lọ́dún kan. Kò lè mú kí ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á máa kọ ọ́ lórí.

Ohun tó rọrùn láti gbọ́ lè ṣòro láti ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dá orin lẹ́jọ́, etí ni kó fi dá a. Kó fi aṣọ olórin sílẹ̀.