Funfun Tàbí Àwọ̀ Ewé: Èwo Ló Yẹ Yàrá Àwa Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa ní Ìlaró, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. A fẹ́ kun yàrá tí àwa ọmọ ń sùn, tí a sì ti ń kàwé. Bàbá wa ní àwọ̀ ewé tó dúdú dáadáa ni àwọn fẹ́. Ìyá wa ní funfun ni. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti kíkùn ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ní ìdí. Erùpẹ̀ ìlú wa pupa. Bí ọmọ bá ti ibi eré dé, tó fọwọ́ kan ògiri funfun, àbàwọ́n dé nìyẹn. Wọ́n tún ní àwọ̀ ewé ni tiwa Mùsùlùmí, kí a wo òrùlé rìbìtì mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ́dínà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún 1279 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ọdún 1837 ni wọ́n tó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ náà lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Ẹ̀yìn Ìyá ni mo wà. Ògiri funfun máa ń dá nǹkan bí ìpín mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tó bà á padà sínú yàrá. Àwọ̀ ewé tó dúdú kì í sábà dá ju méjì lọ, yóò gbé ìyókù mì. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá wa ní. Bí iná bá lọ lálẹ́, àwa mẹ́ta ni a ń yí àtùpà kan ká. Ẹni tó ń kọ́ kéú mọ̀ pé àmì kan nísàlẹ̀ ni báù, méjì lókè ni táù. Ojú tí kò bá rí àmì yóò ṣi ọ̀rọ̀ kà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: kí a fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ń dán, tó ṣeé fi omi nù, kun ìsàlẹ̀ ògiri dé èjìká ọmọdé, bí ti ọ̀pọ̀ kíláàsì. Kí òkè àti àjà jẹ́ funfun. Bí owó mìíràn bá dé, kí Bàbá kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Àwọn àlejò kì í kàwé níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, kí a tó béèrè àwọ̀ tó wù wá, ẹ jẹ́ kí a béèrè iṣẹ́ tí yàrá náà ń ṣe. Mo ti fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn yóò rò ó.