Iná Mànàmáná Kì Í Ṣe Pàṣán

Ìjọba Nàìjíríà ṣe ohun tí kò dára nígbà tí ó gé iná orílẹ̀-èdè Niger ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pàtẹ́wọ́ sí i nígbà náà. Àwọn ológun ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ECOWAS sì ti kéde ìjìyà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ wá la fi pàṣán náà nà.

Ta ló dùn? Ọ̀gágun kì í sùn nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ wà ní bárékè, owó díísù sì wà lápò ìjọba. Obìnrin tó ń ta yìnyín ní Niamey ni ọjà rẹ̀ yọ́ dànù. Télọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ oníná ránṣọ ló káwọ́ gbera. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú fìríìjì ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò nígbà náà ló ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ǹjẹ́ ológun gbéjọba sílẹ̀? Rárá o. ECOWAS mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ti búra fún Abdourahamane Tchiani, olórí àwọn ológun náà, láti lo ọdún márùn-ún sí i.

Ohun tí ó burú jù ni pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé sàárà la ń ṣe fún wọn. Kì í ṣe sàárà. Láti Guinea ni Odò Ọya ti ṣẹ̀, ó gba Mali kọjá, ó wọ Niger, ó gba ẹ̀gbẹ́ Benin kí ó tó dé ìsédò Kainji lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú lọ́dọ̀ wa, tí òjò ti dá pátápátá, omi kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti oṣù Kọkànlá. Òjò tó rọ̀ ní Guinea lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà Mali, ó sì ti gba abẹ́ Afárá Kennedy ní Niamey kọjá. Omi yìí ló ń yí tọ́báìnì Kainji títí di oṣù Kẹta. Ìsédò Jẹ́bà, tó wà nísàlẹ̀, tún ń lo omi kan náà. Nínú iná tí Ìlọrin àti Ìbàdàn ń tàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ti omi tó ti Niamey wá wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ wa fi máa ń sọ pé àdéhùn wà: Niger kò ní sé odò náà mọ́ wa, àwa náà yóò sì máa fún wọn ní iná. Láti àwọn ọdún 1970 ni wáyà ti lọ láti Birnin Kebbi dé Niamey. Ní ọdún 2023, àwa la da àdéhùn. Wàyí o, Niger ń kọ́ ìsédò Kandadji lókè Niamey, tí yóò máa pèsè mẹ́gáwáàtì 130. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Kandadji bá kún, Abuja kọ́ ni yóò máa pinnu iye omi tí yóò dé Kainji.

Àwọn kan á ní iná kò tó àwa fúnra wa. Òótọ́ ni pé kò tó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ sí Niger kò ju nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 80, nígbà tí tiwa ń lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì tí kò tó, wáyà tó ti gbó àti gbèsè ló ń pa iná wa. Bí wọ́n bá jẹ wá lówó, ẹ jẹ́ ká fi ìwé àdéhùn béèrè é. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Kí ẹni tó pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn: láti ọdún 2007 ni wáyà ńlá ti lọ láti Ìkẹjà sí Ṣakẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin, láàárín àwọn ọmọ ìyá wa. Bí Abuja àti Cotonou bá jà lọ́la, ṣé a óò gé tiwọn náà?

Niger ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní ọdún 2025, nítorí náà àdéhùn tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè méjèèjì. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa sọ ọ́ di òfin, kí àṣẹ ẹnì kan má lè fọ́ ọ. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé iná tàbí sé omi nítorí òṣèlú. Bí gbèsè bá wà, kí ẹni tó fẹ́ gé iná kọ́kọ́ fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Kí méjèèjì máa mọ ọjọ́ tí ìsédò kọ̀ọ̀kan yóò tú omi sílẹ̀. Oòrùn pọ̀ ní Niger: wọ́n ti ní ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 30 ní Gorou Banda. Kí oòrùn wọn máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kí omi Kainji sì dúró de alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń tanná.

Àwa la kọ́kọ́ pa iná. Àwa ló yẹ kí a kọ́kọ́ pe ìpàdé, kí Kandadji tó kún.