ṢÒKÒTÒ AṢẸ́GI TÓ DI ÀYÀNFẸ́ ỌMỌ ÌGBÀLÓDÉ

Ẹ dé ọjà bọ́síkọ̀rọ̀ l'Ékòó nígbà tí wọ́n bá ń tú ẹrù jíìnsì, ẹ ó rí ìran. Ẹni tó mọjú aṣọ kì í kọ́kọ́ bèèrè iye. Ẹ̀yìn ṣòkòtò ló ń yí sókè, tó ń wá aṣọ pupa bíńtín létí àpò àti àmì ẹṣin méjì níbàdí. Tó bá jẹ́ 501 ti Levi's ni, ọ̀rọ̀ bùṣe!

Kí ló wà lára ṣòkòtò yìí gan-an?

Obìnrin ló fà á o. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 1870, ìyàwó aṣẹ́gi kan wọlé tọ télọ̀ tó ń jẹ́ Jacob Davis ní ìlú Reno, l'Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀ sanra, ṣòkòtò kì í sì í pẹ́ ya mọ́ ọn nídìí. Ìyá náà san dọ́là 3 sílẹ̀, ó ní èyí tí kò ní ya lòun fẹ́. Davis wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìṣó bàbà kékeré tó fi ń so awọ mọ́ aṣọ ìbora ẹṣin. Ló bá kàn án mọ́ igun àpò. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi ń bèèrè tiwọn.

Télọ̀ gbọ́n, ṣùgbọ́n owó kò sí. Nǹkan bíi dọ́là 68 ni yóò ná an láti gba ìwé àṣẹ kí ẹlòmíì má baà jí ọgbọ́n náà lò. Ló bá kọ̀wé sí Levi Strauss, ọmọ Jámánì tó ń ta aṣọ fún un láti San Francisco. Levi gbé owó kalẹ̀, ìwé àṣẹ sì jáde ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ọdún 1873. Davis kó lọ San Francisco láti bójú tó àwọn aránṣọ. Àmọ́ orúkọ ta ló wà lára ṣòkòtò títí dòní? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ àrán, oko ló ń gbé. Èyí kọ̀ jálẹ̀. Ó kúrò nínú ihò kùsà, ó dé ìdí àwọn òṣèré fíìmù. Bó ti ń ròde ni wọ́n ń tún un ṣe. Lọ́dún 1937, wọ́n fi aṣọ bo ìṣó àpò ẹ̀yìn nítorí ó ń ha àga onílé. Ìṣó kan tún wà lábẹ́ ìdí tí wọ́n yọ nígbà ogun Hitler. Wọ́n ní tí èèyàn bá lóṣòó ti iná, ìṣó yẹn á gbóná fòò. Ẹ gba ni o!

Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń mú wọn lọ́kàn. Irú aró ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe àdìrẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń po ti òyìnbó báyìí. Òwú òòró nìkan ni wọ́n ń rẹ, ti ìbú funfun ni. Aró kì í sì í dé àárín òwú. Ibi tí orúnkún bá ti ń ká, tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń ha àpò, ibẹ̀ ni yóò máa ṣí. Tó bá di ọdún márùn-ún, tìrẹ kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bà wọ́n jẹ́ lọ́dún 2017, nígbà tí White Oak ní Greensboro tilẹ̀kùn. Láti ọdún 1915 ni wọ́n ti ń hun aṣọ fún Levi's níbẹ̀. Ẹni tó ní ògbólógbòó wá fọwọ́ mú tirẹ̀ dáadáa. Orúnkún ja, ó lẹ̀ ẹ́. Ó tún ja, ó tún lẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ń pariwo kó jù ú sí ààtàn jàre. Ta ló ń dáa lóhùn?