Bí Ọmọ Bá Gbé Súṣì Síwájú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti da àárín òbí àti ọmọ rú nínú ilé mélòó kan tí a mọ̀. Ọ̀rọ̀ súṣì ni, oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù: ìrẹsì díẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ dì, tí wọ́n wá gbé ẹja lé lórí, ẹja tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà iná kò kàn án rárá.

Àwọn òbí tó ń lọ wo ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà kò kéré láàrin wa. Òmíràn lọ bá wọn wẹ ọmọ tuntun, òmíràn lọ síbi tí ọmọ ti gboyè jáde. Nígbà tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ á ní, "Mọ́mì, Dádì, ẹ múra, a ò ní dáná lónìí." Inú ọmọ ń dùn. Ó ti gba ààyè sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan tó gbayì ní àdúgbò rẹ̀, níbi tí gbogbo nǹkan ti mọ́ tónítóní, tí iná kò pọ̀ lójú, tí àga kò ju díẹ̀ lọ. Àwọn òbí jókòó, wọ́n ń retí àwo tó ń rú èéfín. Ohun tí wọ́n gbé dé ni pákó pẹlẹbẹ kan tí nǹkan mẹ́fà bí ìka ọwọ́ tò sí lórí, tútù rinrin. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan tí a mọ̀, àgbà ìjọ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún un ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ. Bàbá wo àwo, ó gbé ohùn sókè pé, "Ẹ gbà mí o, àbí ológbò lẹ fi mí pè ni?" Gbogbo ilé yíjú sí wọn. Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ó sanwó, wọ́n wọ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó kọjá kí ó tó tún bá bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju "Ẹ kú àárọ̀, sà" lọ. Nígbà tí bàbá dé, tó ń rojọ́ fún wa, ohun tó ṣáà ń sọ ni, "Pásítọ̀, ẹja àìsè ni o!" A bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a sọ fún un pé lójú ọmọ yẹn, kì í ṣe ẹja ni ó kọ̀. Ọwọ́ tó gbé e wá ni ó kọ̀.

Àìmọ̀ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú àwo náà.

Súṣì kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi iyọ̀ pa ẹja, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìrẹsì sísè, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ìrẹsì náà kan, bí ògì tiwa ṣe ń kan. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn a da ìrẹsì nù, wọn a jẹ ẹja. Títí di òní wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ lẹ́bàá adágún Biwa. Ó lè lé ní ọdún kan kí ó tó ṣeé jẹ, òórùn rẹ̀ sì lè lé àlejò síta. (Ẹni tó bá mọ irú wooro kò ní sá púpọ̀.) Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí àwọn bá po ọtí kíkan mọ́ ìrẹsì, yóò kan lójú ẹsẹ̀, kò sì sí pé à ń dúró fún ọdún kan mọ́. Ọtí kíkan tí a wí yìí kì í pani o, vínígà ni ọ̀pọ̀ ń pè é.

Ní ìlú Edo, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tókíò ní 1868, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hanaya Yohei. Òun ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó sọ súṣì afọwọ́dì di olókìkí, láàrin ọdún 1820 sí 1830. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á. Òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa á dúró, á mú méjì tàbí mẹ́ta, á nu ọwọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹyọ kan rẹ̀ nígbà náà tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ dáadáa. Nítorí pé kò sí yìnyín, iyọ̀, vínígà tàbí omi sóyà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja náà, wọ́n sì ń bọ àwọn mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní September 1923, tí Tókíò sì jóná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fọ́n ká padà sí ìlú wọn, súṣì ti Tókíò sì bá wọn tàn ká gbogbo Jàpáànù. Ẹ rántí àmàlà ojú títì tó ti wọ òtẹ́ẹ̀lì báyìí. Ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹja aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù nínú súṣì, sámọ́ọ̀nù, àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn kì í jẹ ẹ́ láìsè tẹ́lẹ̀, nítorí kòkòrò tó máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń pa nínú òkun tiwọn. Àwọn ará Nọ́wè, tí wọ́n ń sin sámọ́ọ̀nù tí wọ́n sì ń wá ọjà fún un, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n láàrin 1980 sí 1990, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà. Bí àwọn tó ni súṣì bá lè fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, a kò lè dá bàbá wa lẹ́bi púpọ̀. Ariwo rẹ̀ nìkan ni a ń bá wí.

OWÓ RẸ̀ ŃKỌ́?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iná, owó ló kàn. Àwọn ìyá ló máa ń kó sí èyí. Wọn a wo ìwé owó, wọn a sọ pọ́n-ùn di náírà, wọn a ké, "Hà! Nítorí ìrẹsì tí kò kún ọwọ́?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ìṣirò yẹn níbi tábìlì.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀, tó fi oṣù mẹ́fà gbálẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, yóò mọ ibi tí owó náà ń lọ. Ọ̀gá kan wà ní Tókíò tó ń jẹ́ Jiro Ono, tí a bí ní 1925. Ilé oúnjẹ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, àga ibẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ ìwé Michelin fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta ní 2007. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2011, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, Daisuke Nakazawa, ròyìn bí wọ́n ṣe ní kó dín ẹyin tí wọ́n ń gé lé orí ìrẹsì. Ó ṣe é, wọ́n kọ̀ ọ́. Nǹkan bí igba ìgbà ni wọ́n kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá gbà á, ọmọkùnrin náà sunkún. Ẹyin o, kì í tilẹ̀ ṣe ẹja! Ní 2013 Nakazawa yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò West Village ní New York, àwọn ènìyàn sì ń du ààyè ibẹ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín ń san owó fún.

Ẹja fúnra rẹ̀ náà kò rọjú. Ní January 2019, ní ọjà Toyosu ní Tókíò, ẹja túnà kan ṣoṣo tó wọn kílò 278 ni wọ́n rà ní mílíọ̀nù 333.6 owó yẹ́ẹ̀nì. Òtítọ́ ni pé ìpolówó wà nínú rẹ̀, torí ọjà àkọ́kọ́ nínú ọdún ni, olówó ilé oúnjẹ ló sì rà á.

Súṣì olówó pọ́ọ́kú sì wà. Ní 1958, nítòsí Ósákà, Yoshiaki Shiraishi ṣe ilé oúnjẹ tí àwo ń gba iwájú oníbàárà kọjá lórí bẹ́líìtì tó ń yí. Ilé iṣẹ́ bíà ni ó ti rí i tí ìgò ń yí bẹ́ẹ̀, ó sì mú ọgbọ́n ibẹ̀, ó fi bíà sílẹ̀. Ní 1997 irú rẹ̀ kan tó wá lókìkí, Yo! Sushi, bẹ̀rẹ̀ ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọmọ bá mú yín lọ sí irú ibẹ̀, ẹ wo àwọ̀ àwo kí ẹ tó mú un, àwọ̀ náà ló ń sọ iye rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilé oúnjẹ ńlá, owó tí ẹ rí nísàlẹ̀ ìwé, tó sábà máa ń jẹ́ 12.5% ní Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn tó gbé oúnjẹ fún yín ni. Wọn kò rẹ́ yín jẹ.

NÍBI TÁBÌLÌ

Wọn a kọ́kọ́ gbé aṣọ ìnura kékeré tó gbóná wá. Ọwọ́ ni ẹ ó fi nù, kì í ṣe ojú àti ọrùn, bí ó ti wù kí ooru mú tó. Ẹ gbàdúrà yín jẹ́jẹ́. Inú àwa tí a ń fi ọwọ́ jẹun yóò dùn láti gbọ́ pé kò sí àbùkù nínú fífi ọwọ́ jẹ súṣì afọwọ́dì; ọ̀pọ̀ àwọn ará Jàpáànù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹja ni kí ẹ fi kan omi dúdú tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, torí bí ẹ bá ki ìrẹsì bọ̀ ọ́, á fọ́ sínú rẹ̀. Kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, bí òkèlè.

Bí ẹ bá fẹ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yẹn gbìyànjú, ẹ má gún un dúró sínú ìrẹsì, ẹ má sì fi í gba oúnjẹ láti orí igi ẹlòmíràn. Ìrẹsì tí a gún igi sí ni wọ́n ń gbé síwájú òkú lọ́dọ̀ wọn, igi ni àwọn ẹbí sì fi ń gba eegun òkú lọ́wọ́ ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún. Àwa náà, bí ọmọdé bá fi ọwọ́ òsì na owó sí wa, ṣé a kì í wò ó?

Ẹ lè gbọ́ kí wọ́n sọ pé gari wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ẹ má béèrè ẹ̀pà. Atalẹ̀ tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú vínígà àti ṣúgà ni, díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ láàrin ẹja kan sí èkejì kí ẹnu lè mọ́. Èyí tí kí ẹ ṣọ́ra fún ni òkìtì kékeré aláwọ̀ ewé tí ń jẹ́ wasabi. Ìyá kan rò pé píà ni, ó fi ṣíbí bù ú. Ata yẹn kì í bá ahọ́n jà bíi rodo. Imú ló ń gbà gòkè lọ sí orí. Ìyá náà mú orí dání, omijé ń dà, ṣùgbọ́n a yìn ín, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

ẸNI TÍ KÒ YẸ KÍ Ó JẸ Ẹ́

Níbí ni a kò ti fẹ́ ṣeré. Aboyún, ọmọ kékeré, arúgbó, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, kí wọ́n fi ẹja àìsè sílẹ̀. Kòkòrò kan wà nínú ẹja òkun tí ń jẹ́ Anisakis; bí ó bá dé ikùn, inú rírun rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Vínígà kì í pa á, wasabi kì í pa á. Iná ń pa á, yìnyín gidi náà sì ń pa á. Ìdí nìyẹn tí òfin Bìrìtéènì fi ní kí ẹja tí wọn yóò jẹ láìsè ti kọ́kọ́ dì nínú òtútù ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo, ó kéré tán fún wákàtí 24, àyàfi àwọn kan bí irú ẹja ọ̀sìn tí wọ́n mọ̀ pé kòkòrò kò sí nínú oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn kan ti bi wá nípa ẹ̀jẹ̀. Àwọn apẹja Jàpáànù tó mọṣẹ́ a máa gún ọpọlọ ẹja ní kíá, wọn a sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ro dànù, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń ba adùn ẹja jẹ́.

Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, ilé ni kí ó ti sọ. Ẹ pe ọmọ ṣáájú kí ẹ tó wọṣọ: "Ọmọ mi, o ṣeun, ẹja àìsè kò bá mi lára mu, wo ohun tó jinná fún mi." Kò ní bínú. Edé bíbọ̀ wà, ẹyin dídín wà, kùkúmbà àti píà tí wọ́n fi ìrẹsì wé wà, edé tí wọ́n dín nínú ìyẹ̀fun wà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kan wà tí ẹ kò ní yan nǹkan kan, ọ̀gá ló ń mú ohun tó wù ú wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Omakase ni wọ́n ń pè é. Irú ibẹ̀ ni kí ọmọ ti tètè sọ fún wọn, lọ́jọ́ tó ń gba ààyè sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wo èyí nínú fóònù, tó sì ń fẹ́ dán an wò nílé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi ẹja ọjà ṣe é láìsè. Títù tí a ń rà jẹ́ ìbátan ẹja tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní saba, kòkòrò tí a wí yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí i. Ẹja tó ti yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jẹ ní tútù. Ẹ lo ẹyin dídín, kùkúmbà, edé tó jinná. Ìrẹsì gígùn inú àpò kò ní lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí àwọn Hausa fi ń ro túwó ló sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ti jinná, ẹ da vínígà, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ fẹ́ ẹ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì fi omi ra ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.