Mọ́tò Tí A Ò Lè Tú, Kì Í Ṣe Tiwa

Ó ti di àṣà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á gbé fídíò mọ́tò oníná jáde, mọ́tò tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí kò dún, tí kò rú èéfín. Kò ní pẹ́ tí ìjà á fi bẹ̀rẹ̀. Apá kan á ní, "Ẹ wo ibi tí ayé dé, àwa ṣì ń tò fún epo." Apá kejì á fèsì pé, "Níbo lẹ ti fẹ́ rí iná tẹ́ ẹ máa fi gba á? Ṣé NEPA yìí náà ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á bú ìjọba, ó parí.

Apá méjèèjì ni mo bá wí lónìí. Ẹni tó ń yangàn àti ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọn ò béèrè: bí mọ́tò yẹn bá dé, tó sì bàjẹ́, ta ni yóò tú u? Èmi ò bẹ̀rù pé kò ní dé. Yóò dé. Ṣebí ohun gbogbo tí wọ́n bá lò kù lókè òkun ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò dé bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò lọ́nà. Mọ́tò oníná kì í ṣe ohun tuntun. Mọ́tò tó kọ́kọ́ sáré ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan, bátìrì ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Camille Jenatzy, ló wà á lọ́dún 1899. Kódà Clara, ìyàwó Henry Ford tó fi mọ́tò elépo di olówó, mọ́tò oníná ni òun fúnra rẹ̀ ń wà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Láti ọdún 1908 ni Ford ti ń ta Model T, ó sì ń dín owó rẹ̀ kù títí ọwọ́ mẹ̀kúnnù fi tó o. Lọ́dún 1912, Cadillac gbé mọ́tò tó ń fúnra rẹ̀ jí jáde, iṣẹ́ ọpọlọ Charles Kettering, bí wọn ò ṣe nílò láti máa fi irin yí ẹ́ńjìnnì mọ́ nìyẹn. Epo ń tú jáde nílẹ̀ wọn, àgbẹ̀ inú oko pàápàá sì lè fi sípánà àti òòlù tún Model T ṣe. Bátìrì bá lọ sùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: mọ́tò tí ọwọ́ gbogbo èèyàn tó, tí ọwọ́ gbogbo èèyàn sì lè tún ṣe, òun ló gba ìgboro.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé bí omi òjò. Lọ́dún yẹn, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn l'Ọ́jọ̀ọ́, l'Ékòó. Lẹ́yìn wọn, Leyland dé Ìbàdàn, Steyr dé Bauchi, àwọn tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes dé Enugu. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa Píjò 504 àti Ìjàpá, bí wọ́n á ṣe máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àmọ́ inú páálí ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀yà mọ́tò wọ̀nyẹn ti ń wá láti Faransé, Jámánì àti Brazil. Iṣẹ́ tiwa ni ká tú páálí, ká dì í ní bóòtù, ká kùn ún lọ́dà. Irin tí ì bá jẹ́ tiwa, Àjàòkúta tó yẹ kó máa yọ́ ọ látinú òkúta kò yọ́ ọ títí dòní.

Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ kan ní Gúúsù Kòríà gbé mọ́tò kékeré kan jáde. Pony ni wọ́n pè é. Hyundai lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má rò pé iwájú wa ni wọ́n wà nígbà yẹn o. Lọ́dún 1968, àwọn náà ṣì ń tú páálí, Ford Cortina ni wọ́n ń tò. Ṣùgbọ́n wọn ò jókòó síbẹ̀. Wọ́n wá George Turnbull lọ, ọ̀gá tó ti ṣiṣẹ́ ní British Leyland (Leyland kan náà tó wá sí Ìbàdàn!), wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn. Wọ́n sanwó fún Giugiaro, ará Ítálì, kó ya àwòrán mọ́tò náà. Wọ́n gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ Mitsubishi. Wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ń tú u, wọ́n ń wo inú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1991, wọ́n ti rọ ẹ́ńjìnnì tiwọn.

Àwa ń kọ́? Ọdún 1986 dé, SAP dé, náírà já bọ́. Páálí tá à ń fi dọ́là rà wọ́n ju ẹja lọ. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ, Volkswagen ti káńgárá rẹ̀. Kí ló wá kù? Tòkunbọ̀. Orúkọ tá a ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun, mọ́tò la wá fi sọ, à ń gbà á ní èbúté Èkó, à ń wà á wọlé láti Kùtọnu. Lọ́dún 2013, ìjọba tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀, owó ẹnubodè orí mọ́tò tuntun fò dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́tò tuntun wọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ò tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Owó ẹnubodè kì í kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 2021, wọ́n kéde mọ́tò oníná àkọ́kọ́ tí wọ́n tò ní Nàìjíríà. Níbo ni wọ́n ti tò ó? Inú ọgbà Volkswagen àtijọ́ l'Ọ́jọ̀ọ́. Mọ́tò wo ni? Hyundai Kona. Ẹni tá a jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975 ló fi páálí ránṣẹ́ sí wa, inú ilé àtijọ́ la sì ti ń tú u. A pàtẹ́wọ́. Ta ló béèrè pé kí la rí kọ́ láàárín ọdún 46?

Ṣé ẹ̀yin mọ àwọn tó gbé wa dé ibí? Kì í ṣe mínísítà kankan. Mẹkáníìkì ni. Rewáyà ni. Fọkanáísà, páńẹ́lì-bítà, wẹ́dà. Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà ń ná Ìbàdàn sí Èkó, káfíńtà wa ló ń kan ara pákó rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti Ìlú Ọba wá. Mólùẹ̀ tó gbé gbogbo Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wẹ́dà wa ló jó bọ́dì rẹ̀ lé orí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, tí páátì wọ́n, Ládípọ̀ ní Mushin ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n fi ń jí òkú mọ́tò. A ò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, a ò fún wọn ní ọlá. Orúkọ tá a fi san án fún wọn ni "àwọn tó ń ba mọ́tò jẹ́". Síbẹ̀, lójijì lóru, nọ́ńbà ta ni ẹ máa ń pè?

Lọ́dún tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn nígbà tí ọkùnrin kan fi ọkọ̀ tòjò wọ́ mọ́tò rẹ̀ dé. Hybrid ni, èyí tó ń lo epo tó tún ń lo bátìrì ńlá. Ó rà á ní tòkunbọ̀ nítorí epo. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ igba náírà tó bọ́ sí òkè 480, ó ní òun ti rọ́gbọ́n dá. Bátìrì ńlá náà wá kú. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí irun orí rẹ̀ ti funfun sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣí àga ẹ̀yìn, ó rí okùn olómi ọsàn, ó fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ẹ ṣáà gbìyànjú."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Iná inú èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo níyàwó, mo bímọ. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ ló sọ. Bátìrì mọ́tò elépo tá a mọ̀, fóòtì 12 ni. Ti hybrid sábà máa ń ju 200 lọ. Ti mọ́tò oníná gan-an ń lọ sí 400, àwọn mìíràn 800. Èyí kì í ṣe iná tí èèyàn ń fi ìka tọ́ wò. Ẹni tí kò kọ́ ọ, tí kò ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á kú ni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mọ́tò oníná ò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní sàláńsà, kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí mẹkáníìkì fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ náà nìyẹn. Ní àwọn mọ́tò kan, bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀yà kan, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ò ní gbà á àfi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá fọwọ́ sí i láti òkèèrè.

Ooru tiwa náà ń bẹ níbẹ̀. Nissan Leaf jáde ní ìparí ọdún 2010 láìní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Lọ́dún 2012, àwọn tó ń lò ó ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń jó èèyàn, figbe ta pé agbára bátìrì àwọn ń yára dínkù. Irú Leaf àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni owó tiwa á tó nígbà tó bá di tòkunbọ̀. Ta ló máa bá yín wọn bátìrì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó? Ta ló máa tú u, kó yọ èyí tó kú kúrò láàárín èyí tó wà láàyè?

Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn "NEPA ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Mọ́tò elépo kékeré ń mu nǹkan bí lítà mẹ́jọ fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ká ní 800 náírà ni lítà kan, 6,400 náírà nìyẹn. Mọ́tò oníná ń lo nǹkan bí yúníìtì iná 16 fún ìrìn kan náà. Ní 225 náírà tí wọ́n gbé Band A sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, 3,600 náírà ni. Iná wa burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ yín ló ti gbé sólà sórí òrùlé. Etiópíà náà, tí iná ò tíì dé ọ̀pọ̀ abúlé rẹ̀, fòfin de kíkó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ elépo wọ̀lú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra epo, odò tiwọn ló sì ń fún wọn níná. Ọ̀rọ̀ iná á yanjú díẹ̀díẹ̀ tàbí ká wá ọgbọ́n sí i. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni kì í fúnra rẹ̀ yanjú.

Ẹ sì wo ilẹ̀ tá a dúró lé. Lithium, òkúta tí wọ́n ń rọ di bátìrì, wà ní Kómu ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó wà n'Íjerò-Èkìtì. Dígà àti ṣọ́bìrì làwọn ọ̀dọ́ fi ń wa á, àpò-àpò ni wọ́n ń kó o lọ. Ìjọba ti sọ pé ẹni tí kò bá ní í ṣiṣẹ́ lé e lórí níbí kò ní rí ìwé àṣẹ gbà. Ó dáa. Àmọ́ àṣẹ láìsí ìmọ̀, páálí ọdún 1975 náà ni. BYD, tó wà lára àwọn tó ń ta mọ́tò oníná jù láyé lónìí, kò fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Shenzhen lọ́dún 1995. Ọdún 2003 ló tó bọ́ sídìí mọ́tò. Ìmọ̀ bátìrì ló fi ra ọ̀nà wọlé.

Kí ni ká wá ṣe? Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ ká máa pariwo rẹ̀. Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta mọ́tò oníná fún wa gbọ́dọ̀ fi ìwé àtúnṣe rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé mẹkáníìkì ìgboro lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe àlá. Àwọn ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà dìbò fún irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012, wọ́n tún dìbò kún un lọ́dún 2020. Èkejì, kí ilé ẹ̀kọ́ pólì àti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì jókòó pọ̀, kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ bátìrì gíga ní èdè tí ọmọṣẹ́ gbọ́. Ẹ̀kẹta, kí owó ìrànwọ́ tí ìjọba bá máa fún àwọn tó ń to mọ́tò dá lórí ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ wa, kì í ṣe iye páálí tí wọ́n tú.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì wa ò lè kọ́ ọ. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ta ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń fi iná jó ẹ̀yà tó kéré ju ẹyin iná lọ mọ́ inú fóònù olówó ńlá? Wọ́n tú u, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n tún un tú, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, ọmọ tó ń to sólà, ọmọ rewáyà, àwọn mẹ́ta yẹn ni mẹkáníìkì ọ̀la. Ohun tó kù ni ká má jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yẹn, nígbà tí wọ́n ti wọ́ hybrid náà lọ, ọmọṣẹ́ kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ irú èyí?"

Bàbá wò ó. Kò rí ohun kan sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lábẹ́ fídíò, ẹ dá ọmọ yẹn lóhùn.