Lẹ́tà láti Malmö sí Ará Ìbídó lórí Ọ̀rọ̀ Ẹnubodè

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ìbídó, ẹ̀yin ọlọ́jà Ṣàgámù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà àtijẹ,

Ọmọ yín tó wà ní Malmö, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Swídìn, ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ìbéèrè kan ti ń wá láti ilé lórí fóònù: ẹ gbọ́ pé àwọn kan ń sùn ní Swídìn, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Dẹ́nmáàkì lójoojúmọ́, wọ́n sì ń padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Àwọn tó ń ra ọjà ní Kútọnu nínú yín ló tẹnu mọ́ ọn jù, nítorí wọ́n mọ ohun tí ojú ń rí ní ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ àti ti Ìdírókò. Àlàyé rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ fóònù lọ, ìdí nìyí tó fi di lẹ́tà.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Omi òkun tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Öresund ló wà láàárín Malmö àti Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́nmáàkì. Ní ọdún 1991, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò la ọ̀nà sórí omi náà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2000, Ọbabìnrin Margrethe ti Dẹ́nmáàkì àti Ọba Carl Gustaf ti Swídìn jọ ṣí i. Gbogbo rẹ̀ tó kìlómítà 16. Afárá gba nǹkan bíi 8 nínú rẹ̀, erékùṣù tí wọ́n fọwọ́ kó jọ sáàárín omi gba 4, ihò abẹ́ òkun sì gba ìyókù, nítorí pé pápákọ̀ òfurufú Kastrup wà létí omi ní ìhà Dẹ́nmáàkì, wọn kò sì fẹ́ kí òpó afárá dí bàálù lọ́wọ́. Mọ́tò ń gba òkè, rélùwéè ń gba ìsàlẹ̀. Ìjọba méjèèjì ló jọ ni ín lọ́gbọọgba. Owó yíyá ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó tí àwọn tó ń gbà á kọjá ń san ni wọ́n sì fi ń san gbèsè náà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Malmö láàárọ̀, ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ti dé àárín ìgboro Copenhagen. Ilé wọ́n jù ní Copenhagen, owó iṣẹ́ sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń gbé ìhà ìhín, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìhà ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n afárá kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí òfin bá dúró sẹ́nu afárá, kò sí ẹni tí yóò rí ibi iṣẹ́ dé.

Ní ọdún 1952 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Nordic sílẹ̀, níbi tí àwọn aṣòfin Dẹ́nmáàkì, Swídìn, Nọ́wè àti Iceland ti ń jókòó pọ̀. Fínlándì darapọ̀ mọ́ wọn ní 1955. Ọdún 1952 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ orílẹ̀-èdè ara wọn láàyè láti wọlé láì mú pásípọ́ọ̀tù. Ní 1954, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè ṣiṣẹ́ ní òmíràn láì gba ìwé àṣẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́, kí ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tó darúgbó nílẹ̀ aládùúgbò má bàa pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Fínlándì tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ ló gba ọ̀nà yìí wá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Swídìn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ẹ wo bí ètò náà ṣe tò: àlàáfíà òṣìṣẹ́ ló ṣáájú, afárá ńlá dé lẹ́yìn ọdún márùn-dín-láàádọ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọmọ ìyá tí kò jà rí ni wọ́n. Ilẹ̀ Skåne, níbi tí Malmö wà, ti Dẹ́nmáàkì ni tẹ́lẹ̀. Ogun ni Swídìn fi gbà á, tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní Roskilde ní 1658. Ọ̀rúndún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi bá ara wọn jà. Títí di òní, owó tí Dẹ́nmáàkì ń ná kọ́ ni Swídìn ń ná. Nọ́wè kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù rárá, Swídìn kò sì wọ ẹgbẹ́ ológun NATO títí di 2024, nígbà tí Dẹ́nmáàkì ti wà níbẹ̀ láti 1949. Wọ́n gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo sílẹ̀ ní 1948 sí 1949, ó fọ́. Wọ́n tún gbèrò àjọ ọrọ̀ ajé ńlá kan tí wọ́n pè ní Nordek. Òun náà dojú dé ní 1970. Àwọn ètò ńláńlá wó lulẹ̀, àwọn ètò kéékèèké tó kan ìgbé ayé òṣìṣẹ́ dúró. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nìyẹn.

Ìlú méjì kan wà lókè pátápátá ní àríwá tó bá ti wa mu ju Malmö lọ. Tornio nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà gba Fínlándì lọ́wọ́ Swídìn ní 1809, ààlà tuntun gbé Tornio lọ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ará Swídìn sì tẹ Haparanda dó ní òdìkejì. Èdè méjèèjì kò jọra rárá, wọ́n jìnnà síra ju Yorùbá àti Ègùn lọ. Owó wọn yàtọ̀. Àní aago wọn yàtọ̀: nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Haparanda, aago kan ti lù ní Tornio. Síbẹ̀, láti 1987 ni ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ti ní àjọ kan tí wọ́n jọ ń ṣe. Ilé kan náà ni wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin ìlú méjèèjì mọ́. Ilé-ìwé kan wà tí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ti jọ ń kàwé, tí wọ́n ń kọ́ èdè ara wọn láti kékeré. Pápá gọ́ọ̀fù wọn pàápàá dábùú ààlà. Nígbà tí iléeṣẹ́ IKEA ṣí ilé ìtajà sí Haparanda ní 2006, ará Fínlándì ń rọ́ wá rajà bí ará Swídìn. Kò sí ìkankan nínú ìlú méjèèjì tó sọ orúkọ rẹ̀ nù, tàbí tó ní kí èkejì pa èdè rẹ̀ tì.

Ọmọ yín kò ní fi ibi tó ti wọ́ pamọ́ fún yín. Nígbà tí àwọn tó ń sá fún ogun Síríà rọ́ wọ Yúróòpù ní 2015, Swídìn dá àyẹ̀wò ẹnubodè padà ní oṣù Kọkànlá. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2016, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kastrup wá sí Malmö gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn kó tó wọlé. Ìrìn kúkúrú di ìrìn gígùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pariwo. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, wọ́n na ọgbà sáàárín Haparanda àti Tornio, àwọn ẹbí sì ń dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbídó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́rù: ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú Swídìn lè wọ rélùwéè lọ kí èèyàn ní Copenhagen, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láì gba ìwé àṣẹ ti Dẹ́nmáàkì. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ gba owó yín lórí èyí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris, wọ́n fa ìlà kan kọjá láàárín ilẹ̀ Yorùbá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú lábẹ́ Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí lónìí. Ọmọ Ìmẹ̀kọ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tó tẹ ìwé jáde ní 1976 lórí ohun tí ìlà yẹn ṣe fún àwọn Yorùbá ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹ wá gbé èyí yẹ̀ wò: ní ti àdéhùn orí ìwé, a kò kẹ́yìn. Ìlú Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èyí fi ṣáájú àdéhùn Schengen tí àwọn òyìnbó fi ń yangàn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde, àpò tí àwọn ará Gánà fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Ní 1984, ìjọba ológun ti ẹnubodè pa, ó di 1986 kó tó ṣí. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n tún tì í, nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ tó ń pa ọjà àgbẹ̀ ilé àti ohun ìjà tó ń wọlé. Ìdí náà kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n ìyà náà kò mọ oníṣẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí onífàyàwọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí iléepo tó wà láàárín ogún kìlómítà sí ààlà. Ìlú àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n ṣí Sẹ́mẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020. Ìdírókò, tó wà ní ìpínlẹ̀ wa, kò rí ojú rere títí di oṣù Kẹrin 2022. Ọdún méjì ààbọ̀ àti oṣù díẹ̀ lé ni ìyẹn. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ iye ẹni tí òwò rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́.

Ohun tó dùn ọmọ yín jù ni pé, ọdún tó ṣáájú ìtìpa yẹn gan-an, ní oṣù Kẹwàá 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti jọ ṣí ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo fún Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní Sẹ́mẹ̀-Kraké. Owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé wà, àdéhùn wà, ẹ̀jẹ̀ kan náà wà, Yorùbá sì ń dún láti Ìdírókò dé Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó jókòó ti ìdíwọ́ kọ̀ọ̀kan títí tó fi kúrò lọ́nà. Àwọn Nordic ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: láti 2014, ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ ìdíwọ́ ẹnubodè sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gbé e lọ síwájú ìjọba tó kàn, kó sì máa béèrè títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Ní Öresund níbí, ọ́fíìsì kan wà tí òṣìṣẹ́ lè lọ béèrè ibi tí yóò ti san owó orí, àti ilé ìwòsàn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Ẹ̀yin ará Ìbídó kò nílò kí ẹnikẹ́ni láti òkè-òkun wá kọ́ yín ní ìṣọ̀kan. Ní 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi, ìlú mẹ́tàlá ló kó jọ di Ṣàgámù. Òfin wá, Mákùn wá, Ìbídó náà wá. Wọ́n gbé pọ̀, wọ́n sì jọ dáàbò bo ara wọn, ṣùgbọ́n Ìbídó ṣì ń jẹ́ Ìbídó, pẹ̀lú oyè rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo wọn àti ohun tí olúkúlùkù yóò mú dání. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá àti ti Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n bá lè bá àwọn ìlú tó dojú kọ wọn ní Bẹ̀nẹ̀ jókòó báyìí, kí aboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọn jù, kí ọmọ ilé-ìwé gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yorùbá tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì má fara gbá ohun tí ọkọ̀ àjàgbé fara gbá, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pọn dandan kí a dúró de Abuja àti Kútọnu kí wọ́n tó fẹnu kò lórí owó kan ṣoṣo fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Àsìkò náà kò sì dúró dè wá. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní 2025. Ẹ̀yin tó ń ta obì ní Sábó rántí bí ẹnubodè Niger ṣe wà ní títì láti 2023 títí di oṣù Kẹta 2024.

Nítorí náà, ọmọ yín ń bẹ ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní ohun kan. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sí Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ kọ ohun tó bá pàdé sílẹ̀ nígbà tó bá dé: irú ọjà tó gbé, ibi tí wọ́n ti dá a dúró, iye wákàtí tó lò níbẹ̀, iye owó tí wọ́n gbà, àti bóyá wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kó wọn jọ lóṣooṣù. Ẹ mú ẹ̀dà kan fún aṣojú-ṣòfin tó ń ṣojú wa ní Abuja, ẹ mú òmíràn fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kẹta ránṣẹ́ sí Malmö. Àwa ọmọ Rẹ́mọ tó wà níhìn-ín yóò tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì gbé e tọ ọ́fíìsì ECOWAS lọ lórúkọ yín.



Ọmọ yín, ní Malmö.