Èjìká Ọdẹ ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Yé Wo Eré Ọfà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, n kò sì ní fi bò. Àwọn ọdẹ kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn, tí èjìká wọn kò sì gbà kí wọ́n fa ọrun mọ́. Ó yẹ kí àwọn tí ó yí wọn ká bá wọn wá ohun tí wọn yóò fi máa ṣe ọdẹ wọn lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, àwọn mìíràn sì ń ta ọjà olówó gọbọi fún wọn. Àwọn ẹlẹ́yà ní àkàtàǹpó kì í ṣe ohun èlò ọdẹ gidi. Àwọn ọlọ́jà ní èyí tí ọfà rẹ̀ bá yára jù lọ ni ó dára jù lọ. Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Ti àwọn ọlọ́jà ni ó sì ń bí mi nínú jù, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì àgbàlagbà ni ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àwọn ẹlẹ́yà kúrò lọ́nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tèmi sì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Ohio, ọmọ ọdẹ láti Òkè-Ògùn, tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Nígbà tí ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ ra àkàtàǹpó, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ kan dá a lóhùn pé ohun òyìnbó ni, pé bàbá wọn kò fi irú rẹ̀ ṣọdẹ rí. Mo fẹ́ bi ẹni náà léèrè: bí ó bá jẹ́ ohun àjèjì pátápátá, báwo ni a ṣe ní orúkọ fún un? A kò pè é ní ọrun òyìnbó. Ọrun ni igi tí a tẹ̀, ọsán ni okùn rẹ̀, apó ni ilé ọfà. Àkàtàǹpó sì ni ọrun tí a dá dùbúlẹ̀ sórí igi tí ó rí bí ìdí ìbọn, tí nǹkan kan di ọsán rẹ̀ mú títí ìka yóò fi tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa àtijọ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ yìí gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ ni àwọn kan ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1909, Henry Balfour, ẹni tí ó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí orírun àkàtàǹpó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tí ó ń gúnlẹ̀ sí etíkun ni a ti kọ́ ọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn náà ti etíkun wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ pé ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kì í ṣe ọdẹ.

Àwọn ẹlẹ́yà aláwọ̀ funfun kò sọ̀rọ̀ orírun ní tiwọn. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni ó ń lo àkàtàǹpó, pé ó dà bí ìbọn. Ní Ohio, òfin ti gba àkàtàǹpó láàyè láti ọdún 1976, igbó kò sì tìtorí rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àgbọ̀nrín súnmọ́ òun tó 30 tàbí 40 yáàdì. (Àgbọ̀nrín ni mo pè é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi jà, ẹranko ibẹ̀ kì í ṣe tiwa gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ náà ni gbogbo wa ń lò.) Ó ṣì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó jókòó sínú òtútù láìmira. Ohun kan ṣoṣo tí àkàtàǹpó mú kúrò ni fífa ọsán lójú ẹranko. Ohun náà gan-an sì ni èjìká àgbà kò lè ṣe mọ́.

Iṣan mẹ́rin ni ó di orí egungun apá mú sínú ojúhò rẹ̀ ní èjìká. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, okùn iṣan wọ̀nyí a máa gbó bí okùn kànga, wọ́n a sì máa fà ya nígbà mìíràn láìsí pé ènìyàn ṣubú. Gbígbé apá sókè kọjá àyà a dunni, fífa ìgúnpá sẹ́yìn a dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nyí gan-an ni fífa ọrun. Ọrun ìgbàlódé tí ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké létí a máa dín ẹrù kù nígbà tí a bá ti fà á débi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, a ó ti ru odindi rẹ̀, ó lè jẹ́ 50 tàbí 60 pọ́n-ùn. Àwọn kan ní kí ó gbé ìbọn nígbà náà. Ìbọn a máa ta ènìyàn ní èjìká, ọjọ́ tí òfin Ohio sì fi sílẹ̀ fún ìbọn kéré. Àsìkò ọlọ́fà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó sì di oṣù kejì kí ó tó parí. Ẹni tí ó bá gba ọfà lọ́wọ́ ọdẹ àgbà ti gba oṣù mẹ́rin nínú ọdún rẹ̀.

Ó wá ku àwọn ọlọ́jà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọfà ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọn yóò kọ́kọ́ kà fún yín: 350, 400, 450. Bí iye náà ti ń gòkè ni owó ń gòkè, títí yóò fi kọjá 2,000 dọ́là. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ bu ọlá fún bàbá wọn a sì san án. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Yáàdì 30 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 90. Ọfà tí ó ń rin 300 yóò débẹ̀ ní nǹkan bí 0.3 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí ó ń rin 400 yóò débẹ̀ ní nǹkan bí 0.23. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ọsán ń rin nǹkan bí 1,100 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì máa ń ṣáájú àwọn ọfà méjèèjì dé etí ẹranko. Kò sí iye tí ẹ lè san tí ọfà yóò fi ṣáájú ìró rẹ̀. Ọrun onígi lásán, tí ọfà rẹ̀ kì í sábà kọjá 200, ń pa àgbọ̀nrín lọ́dọọdún. Òfin Ohio fúnra rẹ̀, 75 pọ́n-ùn ni ó béèrè pé kí agbára àkàtàǹpó tó, ó kéré tán. Èyí tí ọlọ́jà ń gbé lé àgbà lọ́wọ́ a máa tó 180 tàbí 200.

Ta ni yóò fa 200 pọ́n-ùn náà? Ìbéèrè tí wọn kì í fẹ́ kí ẹ bi wọ́n nìyí. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Kí ọfà tó fò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ ọsán, ibẹ̀ ni ìrora wà. Okùn oníkọ́ tí wọ́n ń fi ta àkàtàǹpó olówó pọ́ọ́kú yóò dín ẹrù náà kù sí ìdajì: 180 yóò di 90, apá kọ̀ọ̀kan yóò sì fa 45 nígbà tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, èyí tó. Fún ẹni tí iṣan èjìká rẹ̀ ti ya, ohun tí ó sá fún nínú ọrun ni ó tún lọ bá nínú àkàtàǹpó, ó sì tún sanwó lé e.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí owó bá lọ ni ọwọ́ ìyí, èyí tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga títí ọsán yóò fi kọ́. Ó ń sọ ẹrù náà di ohun tí kò tó 20 pọ́n-ùn. Àwọn kan wà tí a kọ́ ọ mọ́ inú ìdí wọn. Ilé-iṣẹ́ TenPoint, tí ó wà ní Ohio níbẹ̀, ń ṣe irú rẹ̀, ó sì ní ẹ̀yà kan tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wicked Ridge. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọwọ́ ìyí lọ́tọ̀, ẹ rí i dájú pé ti irú àkàtàǹpó náà ni, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bá ara mu. Kí ẹ sì bi olùtajà pé: bí ọwọ́ mi bá yọ̀ ní agbedeméjì ńkọ́? Àwọn kan a máa yí padà pẹ̀lú agbára tí ó lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Àwọn mìíràn a dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹ bèèrè bákan náà bóyá ó lè dá ọsán padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá lè ṣe é, ọdẹ yóò ní láti ta ọfà kan sínú ohun ìdánrawò kí ó tó lọ sílé, nítorí ẹni tí ó bá tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ lè fọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìwúwo ni ó tún kàn. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín pọ́n-ùn 6 sí 8, iwájú ni ẹrù náà sì máa ń pọ̀ sí. Igi ẹlẹ́ka méjì tí a fi gbé e dúró kò wọ́n, ó sì ṣe èjìká lóore ju ìyára èyíkéyìí lọ. Bí ó bá jẹ́ èjìká ọ̀tún ni ó ń dùn, kí ó gbìyànjú òsì. Ọ̀pọ̀ àkàtàǹpó ni apá méjèèjì lè lò, bí ojú òsì bá lè wò ó dáadáa. Kí ó sì jókòó sílẹ̀. Gígun igi náà lè ni èjìká lára, n kò mọ ìdí tí àwọn ẹlẹ́yà kì í fi mẹ́nu ba ìyẹn.

Ní ti ọsán: ọsán já, ọrun dọ̀pá. Àkàtàǹpó tí ó ní kẹ̀kẹ́ létí sábà máa ń nílò ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kí a tó lè pààrọ̀ ọsán rẹ̀, owó sì ni. Èyí tí apá rẹ̀ tẹ̀ lásán, irú èyí tí Excalibur ti Kánádà ń ṣe, a lè pààrọ̀ tirẹ̀ nílé. Ó fẹ̀ díẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n bí a bá rí àlòkù rẹ̀ tí apá rẹ̀ kò sán, tí ọwọ́ ìyí sì bá a mu, mo fara mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kí àgbà fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó má ṣe rán ọmọ. Kí ó kọ́ ọsán náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì bá a dá a padà bí ó ti yẹ. Kí ó gbé e sí èjìká, kí ó ka ení, èjì títí dé 30. Kí ó lọ sùn, kí ó wo bí èjìká yóò ṣe jí. Bí olùtajà bá ní kò sí àyè fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí àgbà náà dá owó rẹ̀ padà sápò, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó kàn.